Fífi Ọ̀pá Fò: Níbo Ni Ọmọ Sẹ́kọ́ńdìrì Ìkirè àti Àpòmù Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀?

Bí táàmù kejì bá ti wọlé, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìkirè àti Àpòmù á bẹ̀rẹ̀ sí í ro pápá wọn, wọn á sì fi ẹfun fa ilà sí i. Inter-house sports ti dé nìyẹn. Àwọn ọmọ á sáré 100 mítà, wọn á fò jìnnà sínú iyanrìn, wọn á fò sókè kọjá igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á fa okùn, ilé pupa àti ilé aláwọ̀ ewé á sì yan bí ológun níwájú àwọn òbí. Eré kan wà tí orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìdárayá tí wọ́n ń kà ní kíláàsì, àmọ́ tí kì í sábà dé orí pápá. Fífi ọ̀pá fò ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ wọ́n, fóòmù tí wọ́n ń bọ́ sí wọ́n jù ú lọ, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú eré náà palẹ̀, tó wo ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18, yóò rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n rẹ̀ kò sí lófuurufú rárá. Orí ilẹ̀ ló wà: nínú eré sísá, nínú bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀pá, àti nínú ìṣísẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Èyí sì ni ọmọ Ìkirè lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láìdúró de ọ̀pá olówó ńlá.

Eré ẹsẹ̀ ló ń gbéni

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí eré yìí nínú tẹlifíṣọ̀n lè rò pé apá ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, pé ńṣe ni ẹni náà ń gun ọ̀pá bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Nígbà kan rí, ní Ulverston nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19, wọ́n ń gùn ún lóòótọ́. Òfin òde òní kò gbà á mọ́: bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ọwọ́ ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fo ọwọ́ òkè, ọwọ́ òkè pàápàá kò sì gbọdọ̀ sún sókè lára ọ̀pá. Eré tí ènìyàn sá wá ló ń gbé e lọ sókè. Iṣẹ́ ọ̀pá ni láti gba eré yẹn, kó sì darí rẹ̀ sókè.

Ìṣirò rẹ̀ kò ju ti fíṣíìsì SS2 lọ. Ẹni tó ń sá mítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní agbára tó lè gbé ìbàdí rẹ̀ sókè ní nǹkan bíi mítà 2.5. Bí eré náà bá di 8, ó di nǹkan bíi 3.26, bó bá di 9, ó lé ní mítà 4. Ìbàdí ẹni tó dúró sì ti wà ní nǹkan bíi mítà kan sí ilẹ̀ kó tó fò rárá, nítorí náà a ó ro ìyẹn mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé agbára díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, tí apá àti ikùn náà sì máa ń fi tiwọn kún un. Síbẹ̀, ọmọ tó bá fi mítà kan kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 lápò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ ṣe lókè.

Ẹ wo Armand Duplantis, ọmọ Sweden tó dàgbà ní Lafayette ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ó fo mítà 6.25 ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, ó sì fo 6.30 ní Tokyo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Láàárín méjèèjì, ní Zurich, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òun àti Karsten Warholm, ọmọ Norway tí rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé 400 mítà onídènà wà lọ́wọ́ rẹ̀, dán ara wọn wò nínú 100 mítà lásán. Asáré ni Warholm, afọ̀pá-fò ni Duplantis. Duplantis ló gbà á, 10.37 sí 10.47.

Ilẹ̀ tó bí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó sá 100 mítà onídènà ní 12.12 ní Eugene lọ́dún 2022, kò lè sọ pé òun kò ní eré. Kódà, ọmọ tó bá ń sá onídènà sún mọ́ fífi ọ̀pá fò ju bí wọ́n ṣe máa ń rò lọ, nítorí pé méjèèjì ń fẹ́ kí ìṣísẹ̀ má yẹ̀. Kí tíṣà tó ń wá ẹni tí yóò kọ́ má kọ́kọ́ lọ bá ọmọ tí apá rẹ̀ ki. Kó lọ wo ilà ìparí 100 mítà.

Ọparun náà ti jọba rí

Lẹ́bàá odò káàkiri agbègbè yìí, ọparun kò wọ́n. Ìtàn eré náà sì fi hàn pé ọparun kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ níbẹ̀. A. C. Gilbert, akẹ́kọ̀ọ́ Yale tó pín wúrà Òlíńpíìkì London ọdún 1908 pẹ̀lú Edward Cook, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ọ̀pá ìfò ní Amẹ́ríkà. Ní Berlin lọ́dún 1936, àwọn ọmọ Japan méjì, Shuhei Nishida àti Sueo Oe, fo 4.25 bákan náà, wọ́n kọ̀ láti tún bá ara wọn díje nítorí ipò kejì. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n gé fàdákà àti idẹ wọn sí méjì-méjì, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ kí kálukú lè ní ìdajì fàdákà àti ìdajì idẹ. Lẹ́yìn wọn ni Cornelius Warmerdam, ọmọ àgbẹ̀ láti Hanford ní California, fi ọparun fo ẹsẹ̀ bàtà 15, ìyẹn mítà 4.57, ní oṣù kẹrin ọdún 1940. Ìgbà mẹ́tàlélógójì ló fo gíga yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹlòmíràn tó fò ó lẹ́ẹ̀kan. Mítà 4.77 tó fò lọ́dún 1942 ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé títí di ọdún 1957.

Ohun tí ọparun Warmerdam kò lè ṣe ni kó tẹ̀ dáadáa, kó sì tún nà padà. Ọ̀pá fáíbà tó dé ní ìparí àwọn ọdún 1950 ló mú ìyẹn wá, gíga sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè kíákíá: mítà 5 lọ́dún 1963, mítà 6 lọ́wọ́ Sergey Bubka ní Paris ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1985.

Kí wá ni kí ọmọ Àpòmù fi ọparun ṣe? Kì í ṣe pé kó gé tútù lẹ́bàá odò kó sì lọ fi í fò kọjá okùn tó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ọparun tútù wúwo, èyí tó gbẹ jù máa ń là, ọ̀pá tó bá sì là lábẹ́ ènìyàn lè gún un. Àwọn ará àtijọ́ pàápàá máa ń fi téèpù wé tiwọn. Ṣùgbọ́n ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ níwọ̀nba, tó gùn tó mítà 3, tí kò ní ìlà, tí wọ́n sì fi téèpù wé láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fún gbogbo ìdánrawò orí ilẹ̀: gbígbé e sáré, sísọ orí rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti gbígbé ọwọ́ sókè ní àsìkò.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti ń bà á jẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà lókè ọ̀pá, tòsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àlàfo àárín wọn ju fífẹ̀ èjìká lọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni yóò fi kúrò nílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, orí ọ̀pá wà lókè. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni orí náà ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wúwo rẹ̀ kò fi ní fa ènìyàn síwájú.

Nígbà tó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta, òsì, ọ̀tún, òsì, ọwọ́ kò gbọdọ̀ sí ní ìbàdí mọ́. Bí ẹsẹ̀ òsì ti ń tẹlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti ń gòkè lẹ́bàá egungun ìhà. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń tẹlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ti dé iwájú orí. Kí òsì tó kẹ́yìn tó tẹlẹ̀ tán, apá ọ̀tún ti nà tán sókè, ọ̀pá sì ń wọ inú àpótí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ibi ìbọ́sí. Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ sókè, ọ̀pá á kan ògiri àpótí nígbà tí apá rẹ̀ ṣì ká. Gbogbo eré tó ti sá wá á gba èjìká rẹ̀ kọjá, á sì ṣòfò. Òun á ní ọ̀pá náà le jù. Ọ̀pá kò le jù. Ọwọ́ ló pẹ́.

Àléébù kejì ni ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí wọ́n bá na okùn kan sílẹ̀ tààrà láti ọwọ́ òkè lákòókò tí ẹsẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, ìka ẹsẹ̀ yẹ kó wà lábẹ́ okùn yẹn, tàbí kó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹsẹ̀ wọn máa ń wọ inú jù, ní sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí 30, tí ọ̀pá á wá gbá wọn kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó fò. Wíwọ̀n rẹ̀ kò gba nǹkankan: kí ọmọ di ọ̀pá mú níbi tí yóò dì í mú, kí ó fi ìdí ọ̀pá sínú àpótí, kí ó na apá ọ̀tún sókè tán, kí ẹnìkan sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Fóònù tí ẹnìkan gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ya fídíò tí wọ́n lè wò díẹ̀díẹ̀, á fi hàn bóyá ó tẹ̀ ẹ́.

Àríyànjiyàn ńlá tó wà láàárín àwọn kóòṣì ayé wà lórí ibí yìí gan-an. Àwọn kan ń kọ́ni pé kí èèyàn fi ọwọ́ ìsàlẹ̀ ti ọ̀pá kí ó lè tètè tẹ̀. Vitaly Petrov, tó kọ́ Bubka láti kékeré ní Ukraine, tó sì padà kọ́ Thiago Braz, ọmọ Brazil tó gba wúrà ní Rio lọ́dún 2016 pẹ̀lú 6.03, kò gba ìyẹn gbọ́. Tirẹ̀ ni pé kí èèyàn ti fò kúrò nílẹ̀ kí ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kí ọ̀pá sì máa yí lọ sí òró láìdúró. Fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ti Petrov ló yẹ kó gbà, ìdí rẹ̀ kò sì jẹ mọ́ wúrà. Ẹni tó ń wá kí ọ̀pá tẹ̀ yóò máa wá ọ̀pá rírọ̀, ọ̀pá rírọ̀ kò sì ní agbára tó láti ju ènìyàn dé àárín fóòmù. Ẹni tó kọ́ láti fò dáadáa pẹ̀lú ọ̀pá tí kì í tẹ̀ kò ní ohun tí yóò tún kọ́gbé nígbà tí ọ̀pá fáíbà bá dé.

Kòtò iyanrìn tó wà nílẹ̀

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń fò jìnnà ní kòtò iyanrìn. Ìyẹn náà ni kíláàsì àkọ́kọ́. Wọ́n á gbẹ́ iyanrìn náà kó rọ̀, wọ́n á yọ òkúta àti ìgò inú rẹ̀. Ọmọ á di ọ̀pá mú níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé bó bá dúró nà án sókè, kò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Á rìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, á fi ọ̀pá gún iyanrìn ní etí kòtò, á fò pẹ̀lú òsì, á jẹ́ kí ọ̀pá gbé òun kọjá lápá ọ̀tún ọ̀pá náà, á sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń wo iwájú. Kò sí okùn, kò sí báà. Bó bá ti ń bọ́ síbẹ̀ láìṣubú, kí ó máa sáré díẹ̀, kí ó sì gbé ọwọ́ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Bó bá rí i pé òun kò dé inú kòtò dáadáa mọ́, kí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ohun tí tíṣà yóò máa wò ni ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn tó kúrò nílẹ̀, kò gbọdọ̀ ká. Ó yẹ kó nà gbọọrọ, kó sì fì wá láti ẹ̀yìn, nígbà tí orúnkún ọ̀tún wà níwájú. Fífì ẹsẹ̀ gígùn yìí ló ń sọ ènìyàn di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nígbà tó bá ń fò gíga. Ọmọ lè kọ́ ọ lórí okùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi tó le, tàbí lórí igi gọ́ọ̀lù bọ́ọ̀lù bó bá le tó. Yelena Isinbayeva, tó fo 5.06 ní Zurich lọ́dún 2009, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe jimnásítíìkì kí wọ́n tó sọ fún un ní ọmọ ọdún 15 pé ó ti ga jù fún un. Ibẹ̀ ló ti kó ìmọ̀ yẹn wá.

Ọ̀rọ̀ Isinbayeva mú ti àwọn ọmọbìnrin wá. Ọdún 2000 ni Òlíńpíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n láàyè nínú eré yìí, ní Sydney, níbi tí Stacy Dragila ti gbà á pẹ̀lú 4.60. Lọ́dún 2012 ni Yarisley Silva ti Cuba gba fàdákà ní London, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní Beijing lọ́dún 2015. Ọmọbìnrin tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè lónìí kò bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni púpọ̀.

Ibi tí wọ́n ń bọ́ sí

Lọ́dún 1954, ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna gba wúrà fífò sókè ní Eré Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 8 ló fò, bàtà kan ṣoṣo ló sì wọ̀, ní ẹsẹ̀ òsì. Ní ayé yẹn, iyanrìn ni ọ̀pọ̀ afòsókè ń bọ́ sí, nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi bọ́. Fóòmù ló jẹ́ kí Dick Fosbury lè fi ẹ̀yìn bọ́ ní Mexico lọ́dún 1968. Fífi ọ̀pá fò ti òde òní wà lórí fóòmù kan náà, nítorí pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń bọ́, láti ibi tó ga.

Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan, tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rẹ̀, bá ní owó tí yóò fi ra ohun kan ṣoṣo, kó má ra ọ̀pá. Fóòmù ni kí ó rà. Òfin World Athletics ní kí ibi ìbọ́sí má dín sí mítà 5 ní gígùn àti 5 ní fífẹ̀, láìka àwọn apá iwájú tó yí àpótí ká. Fún ìdíje ńlá, mítà 6 sí 6 ni. Mátírẹ́ẹ̀sì ìsùn tí wọ́n tò jọ kì í ṣe òun. Wọ́n máa ń sún kúrò lára ara wọn, ẹsẹ̀ á wọ àárín wọn, kókósẹ̀ á yẹ̀.

Àpótí tí wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀ náà léwu. Ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20 níbi tó jìn jù, ó gùn ní mítà kan, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 níwájú, ó sì ń tín-ín-rín dé 15 ní ìdí. Ní oṣù kejì ọdún 2002, Kevin Dare, akẹ́kọ̀ọ́ Penn State, fi orí bọ́ sínú rẹ̀ nínú ìdíje kan ní Minneapolis, ó sì kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn lọ́dún yẹn ni Amẹ́ríkà mú ibi ìbọ́sí ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tóbi sí i. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí fóòmù líle yí ẹnu àpótí ká. Òfin sẹ́kọ́ńdìrì wọn tún ní kí ìwọ̀n ọmọ má ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀pá lọ. Òfin àgbáyé kò béèrè ìyẹn, àmọ́ kí Ìkirè àti Àpòmù mú ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí lò.

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀pá náà gba àlàyé díẹ̀. Páùn ni wọ́n fi ń kọ ọ́, fún ẹni tó bá di òkè ọ̀pá mú. Bí ọmọ kílò 60 bá di ọ̀pá páùn 135 mú nísàlẹ̀ díẹ̀, ọ̀pá náà á le sí i fún un, kò sí ewu. Ẹni tó gbé ọwọ́ lọ sókè jù, tí eré rẹ̀ kò tó, ni ọ̀pá kò ní dé òró. Yóò dá a padà sórí ilẹ̀ tó ti sáré wá. Ìdí nìyí tí kóòṣì rere fi máa ń sọ fún ọmọ pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà ni kó máa wò, kó má wo gíga báà.

Ta ni yóò kọ́ wọn? Ọ̀pọ̀ á tọ́ka sí Julius Yego, ọmọ Kenya tó kọ́ jíjù ọ̀kọ̀ nípa wíwo fídíò YouTube, tó sì di ọ̀gá àgbáyé ní Beijing lọ́dún 2015 pẹ̀lú mítà 92.72. Òótọ́ ni, fídíò wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ tí Yego bá jù láìtọ́ á bọ́ sórí koríko. Afọ̀pá-fò ló ń bọ́ fúnra rẹ̀. Kí fídíò wà fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n wà lórí pápá ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀. Ilé Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, tí yunifásítì ńlá wà, kò jìnnà sí Ìkirè. Tíṣà tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ kò níláti lọ sí Èkó.

Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ so pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkirè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, tí Àpòmù sì wà ní Ìsọ̀kan. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi ra fóòmù méjì. Kí ọ̀kan wà lábẹ́ òrùlé páànù tí òjò kò ti ní ba á jẹ́, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa wá síbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fún wọn. Ọ̀pá, tí kì í wọ inú ọkọ̀, á máa gùn ún lórí.

Kí gbogbo ìyẹn tó dé, ohun kan wà tí ọ̀gá eré ilé ẹ̀kọ́ lè fi sínú ètò inter-house tó ń bọ̀. Ètò Kids' Athletics tí àjọ àgbáyé dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní eré kan tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá fò sínú kòtò iyanrìn, tí wọ́n sì ń wọn bí ọmọ ṣe jìnnà tó dípò bó ṣe ga tó. Kò gba báà, kò gba àpótí, kò gba fóòmù. Ó gba ọ̀pá kan tó le, kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ rọ̀, téèpù ìwọ̀n, àti tíṣà kan tó dúró létí kòtò láti fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ọmọ tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn. Bí fífò jìnnà bá ti parí ní aago mẹ́ta, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kan náà.